Ọ̀bọ̀kún Tó Rìn Láti Ìkòròdú Dé Ẹ̀pẹ́

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah tó mú ọmọ ilé-kéwú létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ dé yunifásítì. Tirẹ̀ ni gbogbo ìyìn.

Kí òmìnira tó dé ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko tí mo wà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé ìwádìí ìjọba lórí ẹja, l'Ékòó. Àwọn ló ní ọkọ̀ àti àwọ̀n. Àwa la ní akẹ́kọ̀ọ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀bọ̀kún Ìkòròdú náà ló ń wá sí Ẹ̀pẹ́ lásìkò òjò. Ní èbúté Ìkòròdú, a fi wáyà tín-ín-rín so páànù pélébé mọ́ lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja, a sì dá wọn padà sómi. Lẹ́yìn náà a lọ jókòó sí èbúté Ẹ̀pẹ́, à ń yẹ ẹja gbogbo ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ wò.

A kò rí ẹyọ kan. Ọ̀gá ilé ìwádìí, òyìnbó kan, sọ fún olùkọ́ wa pé bí òjò bá fi dá báyìí, àwọn yóò gba ọkọ̀ àwọn, àjọṣe ti parí nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ló sì gbé ẹ̀kọ́ mi ró. Bí ó bá parí, ilé ni mò ń bọ̀.

Olùkọ́ wa ní kí n lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, apẹja, ń tún àwọ̀n ṣe lójúde nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Ó fi mí ṣẹ̀sín títí, ó ní a ń kàwé nípa ẹja, a ò lè rí ẹja. Mo bi í bóyá ó ti rí èyí tó ní páànù lára.

“À ń rí i. A sì ń jù ú sómi.”

“Ẹ ń jù ú sómi, Bàbá?”

“Kéwú tí o kà dà? Ẹja tí wọ́n ti so àálè mọ́ lára, ó ti ní ẹni tó ni ín. Ṣé kí n wá jẹ nǹkan oní-nǹkan?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí ènìyàn ṣe ń so àálè mọ́ igi ìdáná tó kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ni wọ́n ṣe rò pé a so ó mọ́ ẹja. Ó ní àwọn Ìlàjẹ onígbàgbọ́ tó wà ní abúlé etí omi náà ń dá a padà. Mo béèrè ọ̀nà àbáyọ. Ó ní ẹni tó so àálè ló lè tú u.

Mo mú ọ̀gá náà wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù fún un láyè nínú àgbàlá mọ́ṣáláṣí, mo sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: òun ló so ó, òun ti yọ̀ǹda ẹja náà fún ẹni tó bá pa á, kí wọ́n ṣáà mú un fi hàn wá kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Bàbá àgbà kan ní, “Ẹ bi í, ta ló ta ọ̀sà fún un?”

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Mo túmọ̀ ìyẹn náà, ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ó ránṣẹ́ sí àwọn Ìlàjẹ bákan náà.

Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde dúró nínú ọkọ̀ kí ó tó gúnlẹ̀, ó gbé ọ̀bọ̀kún sókè, páànù ń kọ mànà lára rẹ̀. Àmì Ìkòròdú ni. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, láti abúlé Ìlàjẹ pẹ̀lú. Ọ̀gá bọ olùkọ́ wa lọ́wọ́ létí omi níbẹ̀, ó ní àjọṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Èmi náà kàwé mi já.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fi ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn yín sí àárín àwọn ènìyàn yín, kí ó sì jẹ́ kí ẹ bi í ní ìbéèrè lásìkò. Àmín.