Abọ́ Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ìyá mi kò sọ pé kí n má ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ohun tó sọ ni pé òun kò ní bá mi lọ sí ọsibítù títí àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ẹbí bàbá mi, yóò fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá ẹ ò sí láyé mọ́," ló wí, bó ti ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú. "Tí nǹkan bá ṣe ọ́ lórí tábìlì yẹn, èmi ni wọ́n máa bi pé kí ni mo fi ọmọ wọn ṣe."

Dókítà sì ti ní kí n fún òun lésì kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sì ní gbà mí wọlé láìsí ẹbí kan tí yóò dúró tì mí. Bí ọ̀rọ̀ ara mi, tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù rò, ṣe di ohun tí a máa gbé lọ sí ìpàdé nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí ẹwà ni. Àtọ̀gbẹ ti wọ̀ mí lára. Orúnkún mi ń ro mí bíi ti arúgbó. Tí mo bá sùn, èémí mi máa ń dúró, ìyá mi á sì gbá mi léjìká kó tó padà. Dókítà ní òun máa gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù mi, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń balẹ̀ sí nínú ikùn, kí ìyókù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gé kò ṣeé rán padà. Mo bi í pé kí ló lè bàjẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè dà, ojú rírán lè jò, mo sì máa lo oògùn afúnnilókun títí ayé. Mo bi í bóyá ara tún lè padà sanra. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn ju gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ìlérí fún mi.

Wọ́n sì pọ̀. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nítòsí ibùdókọ̀ Agric ta tíì kan fún mi, ó ní á fọ ọ̀rá inú mi dànù. Ìfun mi ló fọ̀. Mo mu àgbo. Mo gba ààwẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀. Fún bí ọdún kan ni mo fi ń rìn kánkán lójú ọ̀nà Ìgbògbò láàárọ̀ kùtù, tí àwọn ọlọ́kadà ń pariwo pé, "Ọ̀rọ̀bọ̀, rọra tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ìjọba ni!" Mo rù díẹ̀, mo sì tún sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń ní kí n san owó ẹni méjì. Mo máa ń san án, torí mo gbà pé mo gba àyè. Ohun tí mi ò gbà ni pé lẹ́yìn tí mo bá sanwó ẹni méjì tán, wọ́n á tún há ẹni kẹta mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí a tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni àbúrò bàbá mi ti pè mí lórí fóònù.

"Obìnrin kan ní Ijede gé ikùn bí o ṣe fẹ́ gé e yìí," ó wí. "Ó ti kú."

"Kí lorúkọ wọn, Ọ́ńkù?"

"Orúkọ wo? Ṣé wọ́n máa ń bi òkú lórúkọ ni?"

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ń yan ẹja ní Ijede. Mo pè é. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tó mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó ní ọmọ ni wọ́n fi abẹ gbé jáde nínú obìnrin náà, àti pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú òun láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ó pọn ọmọ ọ̀hún sẹ́yìn. Mo pe àbúrò bàbá mi padà, mo sọ ọ́ fún un.

"Ká dúpẹ́ nígbà náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n òmíràn á ti kú níbòmíràn."

Ọjọ́ Àìkú la lọ. Ilé bàbá mi ní òfin kan tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, nìkan ló ń di ìgbakọ mú. Ohun tó bá bù fún ọ ni wàá jẹ, wàá sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá ti abọ́ síwájú tí oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ilé ti ṣẹ òun. Nígbà náà gbogbo ènìyàn á dáwọ́ jíjẹ dúró, àgbà ilé á bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí á fi sọ tán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rí i tí bàbá mi ti ẹ̀bà rẹ̀ síwájú nítorí ilẹ̀ kan tí wọ́n tà láìsọ fún un. Ohun tí mo rántí jù ni bí ọbẹ̀ ṣe dì nínú abọ́ gbogbo wa kó tó sọ tán.

Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sè fún wa, pẹ̀lú ẹja ọ̀sà. Ìyá Ẹ̀pẹ́ bù fún mi, ó wò ó, ó tún bù lé e.

"Jẹun dáadáa, ọmọ mi. Ìyá ẹ ò ní sọ pé a febi pa ọ́."

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò bàbá mi wí. "Àga yẹn ti ń ké."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n jẹ́ kí n jẹun díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní ọ̀nà àbùjá ni mò ń wá, pé ọ̀lẹ ló ń gé ikùn, kí n ṣáà pa ẹnu dé, màá rù. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní Ọlọ́run ló dá mi báyìí, ta ni èmi tí màá tún iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe? Kò pẹ́ rárá tó fi ní, "Àmọ́ kó ṣáà dín in kù díẹ̀, kó lè rílé ọkọ." Mo gbé gbólóhùn méjèèjì wò lọ́kàn mi. Tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló dá mi báyìí, kí ni mo fẹ́ dín kù? Tó bá sì jẹ́ pé ó yẹ kó dín kù, kí ló dé tí ọ̀nà tí dókítà mọ̀ fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Bí Ìyá Ẹ̀pẹ́ ṣe ń sọ ti ọkọ yìí lọ́wọ́ ló na ọwọ́ sínú ìkòkò, ó sì gbé ẹja kan lé oúnjẹ mi.

Ẹja yẹn ló fà á. Mo ti abọ́ síwájú.

Gbogbo wọn dáwọ́ jíjẹ dúró. Àbúrò bàbá mi fẹ́ sọ ọ́ di àwàdà. "Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ẹ̀ nìyẹn."

"Dákẹ́," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí fún un. "Abọ́ ọmọ wà nílẹ̀." Ó gbé ìgbakọ sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Láti ìgbà tí a ti dé, mà, kò tíì sẹ́ni tó bi mí bí ara mi ṣe ń ṣe mí," mo wí. "Ẹ ń bu oúnjẹ fún mi, ẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí oúnjẹ kan náà. Ọ́ńkù ní ọ̀lẹ ni mí. Nígbà tí nǹkan funfun bo ojú wọn, abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣáà la ojú dáadáa. A gbàdúrà, a gbé ọbẹ̀ lọ bá wọn ní ọsibítù. Mo mọ̀ pé mo lè kú lórí tábìlì yẹn. Mo béèrè, wọ́n sì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ló mú bàbá mi lọ. Ilé yìí náà la ti ń bù lé oúnjẹ wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ tán kí ẹ má bàa rò pé wọ́n ń bínú."

Àbúrò bàbá mi la ẹnu.

"Kò tíì sọ tán," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí.

"Mo ti sọ tán, mà."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ tọ́ka sí abọ́ náà. "Tí wọ́n bá gé e, báwo lo ṣe máa máa jẹun?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà. Bí ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé."

"A jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí o bá wá síbí lo máa máa fi oúnjẹ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà la ó máa jókòó sórí ẹjọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ń bù ú, mà. Tí ẹ bá bù díẹ̀, mi ò ní fi sílẹ̀."

Kò tọrọ àforíjì, mi ò sì retí rẹ̀. Ó mú ẹja tó gbé lé oúnjẹ mi, ó dá a padà sínú ìkòkò, ó sì yíjú sí ìyá mi.

"Ọjọ́ wo ni dókítà dá?"

Ìyá mi sọ ọ́ fún un. Àbúrò bàbá mi ń ráhùn sínú ọbẹ̀ rẹ̀ pé ká máa wò ó, pé òun ti sọ tòun.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Ìkòròdú, ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ní ṣé inú mi ti dùn báyìí. Mi ò parọ́ fún un. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, bó ti yẹ kó ba ẹni tó fẹ́ gé ohun tí kò ṣeé rán padà. Mo ti gbé ewu iṣẹ́ abẹ náà wò, mo gbé ti àtọ̀gbẹ wò, ti àtọ̀gbẹ ló wúwo jù. Mo kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí dókítà kí a tó dé Ìtọ́kín, mo ní mò ń bọ̀ pẹ̀lú ìyá mi.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó sì ń bí mi títí di òní. Mo ti ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù, mo ti ṣàlàyé fún ìyá mi ní ìdáná, mo ti fi ìwé dókítà hàn wọ́n. Ẹnu mi wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìgbà tí mo fi oúnjẹ sílẹ̀ ni wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.