Wáyà tí Bàbá Mi Fi Òwú Dì

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ tí mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbé ìwakọ̀ mọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀, pé irú irin bẹ́ẹ̀ kò sí lóde mọ́. Rewáyà ni bàbá mi, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ náà ní Iléṣà, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé wa.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Ọ́ìlì ń jò lábẹ́ rẹ̀. Ní Dàda Estate tí mo ń gbé, gbogbo ibi tí mo bá gbé e sí ló ń fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀, títí onílé fi ní kí n máa gbé e síta. Bátìrì rẹ̀ náà kì í mọ́jú. Mo lè wà á délé láìsí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i láàárọ̀, á kàn máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò ní jí. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ rọ́bà ibẹ̀, ọ́ìlì kò dá. Ó ní kí n ra bátìrì tuntun. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí tuntun náà fi kú. Nígbà tó sú u, ó ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mi ò lè tà á. Ní Sátidé kan, mo ní kí àwọn aládùúgbò bá mi tì í, mo wà á lọ sí Iléṣà.

Kì í ṣe pé mo rò pé bàbá mi ṣì lè tún un ṣe. Ìgbàgbé ti ń bá a fínra nígbà náà. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ti sọ fún mi pé ó máa ń gbé omi kaná, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ìkòkò á fi jó. Ó ní ó ń pe ìyá wa, tó ti kú tipẹ́, pé kó wá jẹun. Mo kàn rò pé tó bá rí ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ á dùn ni.

Orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ni mo bá a. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán.

"Wọ́n ní abẹ́ ló ti ń jò?" ó bi mí. "Ibi tí wọ́n ti rí i nìyẹn, kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Fọ ẹ́ńjìnnì yẹn dáadáa, kí o nù ún gbẹ. Tí o bá ṣe tán, lọ bá mi mú páúdà wá."

"Páúdà wo, Bàbá?"

"Páúdà tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára."

Mo wo ojú àbúrò mi, òun náà wo tèmi. A rò pé ọkàn rẹ̀ ti tún ṣí kúrò nílé ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi wọlé, ó mú páúdà ọmọ rẹ̀ wá. Bàbá mi da páúdà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ sára ẹ́ńjìnnì yíká, títí gbogbo rẹ̀ fi funfun bí ojú ẹni tó ti ibi ìlọ ẹ̀lúbọ́ bọ̀. Ó ní kí n wà á jáde díẹ̀ kí n sì padà wá. Nígbà tí mo dé tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà dúdú tín-ínrín kan ti là nínú páúdà náà. Láti abẹ́ ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

"Rọ́bà abẹ́ ìdérí yẹn ti gan," ó wí. "Lọ ra òmíràn."

Mo rà á. Òun ló ń sọ nọ́ọ̀tì tí n ó kọ́kọ́ dè fún mi, pé kí n ti àárín bẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí n má sì dè é jù kí rọ́bà má baà là. Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, ọ́ìlì ti dá. Àbúrò mi ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ fún ara mi pé bóyá àwọn dókítà tó ní ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú ṣì í wò ni.

"Ó ku ti iná," ni bàbá mi wí.

Ó ní kí n pa gbogbo nǹkan inú ọkọ̀, kí n tú wáyà kan lórí bátìrì, kí n fi gílóòbù kékeré sáàárín wáyà náà àti orí bátìrì. Tí kò bá sí ohun tó ń mu iná, gílóòbù kò gbọ́dọ̀ tàn. Ó tàn. Ó ní kí n máa yọ fíúsì, ohun tó ń já tí iná bá pọ̀ jù, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé èyí tí mo bá yọ tí gílóòbù kú, ọ̀nà ibẹ̀ ni iná ń gbà lọ. Mo yọ gbogbo fíúsì tán, gílóòbù ṣì ń tàn.

Ojú bàbá mi yí padà. "A jẹ́ pé ẹnì kan so wáyà tí kò gba inú fíúsì kọjá. Irú rewáyà wo nìyẹn? Ó lè jó èèyàn mọ́nú ọkọ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò so wáyà kan rí láìfi fíúsì sí i."

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, mo tan iná fóònù mi. Mo rí i. Wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá tààrà sẹ́yìn rédíò ni. Ara rẹ̀ ti yí dúdú díẹ̀, ó ti le, bíi pé iná ti ń yan án. Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, wọ́n fi téèpù dúdú wé e, wọ́n wá fi òwú ìránṣọ funfun yí orí téèpù náà, wọ́n ta á ní kókó méjì.

Aránṣọ ni ìyá mi. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ooru máa ń mú kí téèpù tú, pé òwú kì í tú. Mi ò tíì rí rewáyà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé èmi ni mo bá a sọ ọ́, ní ọdún tó ṣáájú, pé rédíò ọkọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lo ìdajì ọjọ́ kan nídìí rẹ̀. Rédíò sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́, mo wà á lọ.

"Ṣé o ti rí i?" ó pè mí láti ìta.

"Mo ti rí i, sà."

"Já a, kí o mú un wá."

Mo já a. Àbúrò mi ké pé gílóòbù ti kú. Mo fẹ́ tú òwú náà kí n tó jáde, ṣùgbọ́n kókó náà kò tú. Nígbà tí mo jáde, bàbá mi ti na ọwọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìka ló fi ń wò ó. Ìka náà rìn lórí wáyà títí ó fi kan òwú, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Má parọ́ fún mi."

Ó jókòó, ó gbé wáyà náà lé orúnkún. "Èmi ni," ó wí, jẹ́jẹ́. Ó gbójú sókè. "Ta ló tún kù tí mo ṣe irú rẹ̀ fún?"

Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi, ó ní kí n pe gbogbo ẹni tí òun tún ọkọ̀ ṣe fún ní ọdún tí òun lò kẹ́yìn nídìí iṣẹ́. Sátidé méjì la fi rìn, nínú ọkọ̀ kan náà. Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, a yẹ ọkọ̀ obìnrin kan tó ń kó obì wò. Wáyà rẹ̀ gba inú fíúsì kọjá, ó mọ́ tónítóní, òwú funfun wà lórí rẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ pa á fún ìgbà pípẹ́. Ní Iléṣà, nínú ọkọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, a bá wáyà tí kò ní fíúsì. Bàbá mi ń sọ̀rọ̀, mo ń ṣe é, a tún un so.

Ìtagunmódì la lọ kẹ́yìn, sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń gbin kòkó. Ó gbé àga fún wa, ó bu omi wá. Nígbà tí bàbá mi béèrè ọkọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó ti jóná, Bàbá. Ó ti lé lọ́dún kan. Mò ń kó kòkó bọ̀ láti oko ni mo rí èéfín níwájú. Wọ́n ní páìpù epo ló jò."

Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ara rẹ̀ ti hunjọ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó fi í sínú àpò. "Àpò kòkó ni mo fẹ́ fà jáde," ó wí.

Bàbá mi ṣí fìlà. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti ń dọ̀bálẹ̀, òun tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọkùnrin náà sáré gbá a mú ní èjìká.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí èèmọ̀ bá mi ni?"

"Ọpọlọ mi ti ń dàrú nígbà tí mo ṣiṣẹ́ ọkọ̀ rẹ. Ó lè jẹ́ wáyà mi ni."

Ọkùnrin náà gbé bàbá mi padà sórí àga, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Mo ti gbọ́," ó wí. "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Oòrùn ń mú." Kò sìn wá dé ìdí ọkọ̀.

Mo béèrè bóyá a lè rí ohun tó kù lára ọkọ̀ náà. Ó ní wọ́n ti gé e kó lọ. Kò sí ohun tí a lè yẹ̀ wò mọ́.

Lójú ọ̀nà, bàbá mi bi mí pé, "Ṣé èmi ni mo jó ọkọ̀ yẹn?" Mo ní a ò lè mọ̀. A kò tíì rìn jìnnà tó tún bi mí. Ó ti gbàgbé pé òun ti béèrè. Títí a fi dé Iléṣà, ó ń béèrè, mo ń dáhùn, gbogbo ìgbà ló sì ń dùn ún bíi pé òní ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kò pé oṣù méjì tó fi gbàgbé Ìtagunmódì pátápátá. Ẹkún kò gbàgbé rẹ̀. Á jókòó, omi á máa dà lójú rẹ̀, tí a bá bi í pé kí ló dé, á ní òun kò mọ̀. Mo máa ń ronú pé ká ní mo ní sùúrù tú òwú yẹn lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni. Lẹ́yìn náà mo máa ń rántí ọkọ̀ olùkọ́ yẹn, pé òun náà ì bá ti jó. Mi ò tíì mọ èyí tí ǹ bá yàn.

Mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Òṣogbo, ọ̀dọ̀ mi ló sì kú sí. Ní nǹkan bí oṣù kan kó tó kú, mò ń já búrẹ́dì sínú tíì fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wò mí bí àlejò tó ń fẹ́ fi ọ̀wọ̀ béèrè nǹkan.

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Rewáyà ni yín, Bàbá."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe gan-an."

Ó mi orí bí ẹni tó gbà, ó la ẹnu, mo sì ń fi ṣíbí bu búrẹ́dì náà fún un lọ.