Omi Ẹ̀gẹ́

Nígbàkúùgbà tí mo bá gún ẹ̀gẹ́ tútù ní láàbù ìwádìí wa ní yunifásítì, òórùn rẹ̀ a gbé mi padà sí ìgbà èwe mi ní Lálúpọn.

Ìyá àgbà fi òkúta tẹ àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, omi funfun ń ro sínú báàfù. Wọ́n ní kí n ṣọ́ ọ, kí ẹran má baà mu ún. Mo sá lọ ta òkòtó. Nígbà tí mo dé, ewúrẹ́ wọn dúró ti báàfù, ẹnu rẹ̀ tutù. Láìpẹ́ ó ṣubú, ó sì kú.

“Ṣé ó mu omi yìí?” Ìyá àgbà bi mí.

“Rárá, mà. Mi ò kúrò níbí.”

Wọ́n kọjú sí Ìyá Sàdíà, aládùúgbò wa tí ewúrẹ́ náà jẹ àgbàdo wọn láàárọ̀. “Torí àgbàdo lo ṣe fún ẹran mi ní májèlé!”

“Wàláì, Màmá, n ò fún un ní nǹkan kan.” Ìyá Sàdíà bú sẹ́kún. Mo ń wo òkòtó ọwọ́ mi.

Ẹnsáìmù, èròjà inú ẹ̀gẹ́ tí mo ń ṣèwádìí lé lórí báyìí, ló ń tú májèlé sínú omi náà, bí a bá ti lọ ẹ̀gẹ́.

Ọdọọdún ni mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. N kò ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Sàdíà títí wọ́n fi kú.