Oyin Yàrá Ìyá Bàbá Mi

Láràárọ̀ Sátidé, òórùn oògùn kòkó ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìlódè. Bàbá mi á ti wà lẹ́yìnkùlé, á máa po oògùn náà mọ́ omi, òórùn rẹ̀ á sì wọlé wá bá wa lórí ẹní, á máa ta wá nímú. Lẹ́yìn náà, á gba ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n lọ sóko kòkó rẹ̀.

Bó bá padà lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìyá mi kì í jẹ́ kó wọlé àfi bó bá wẹ̀ tán. Ìgbà náà ni yóò po oyin sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún un. "Oògùn yìí kì í bá kòkòrò nìkan jà," ló máa ń wí. "Ẹ mu ún tán, Bàbá Fúnmi. Oyin ni yóò bá wa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ yín." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín: "Dídùn là ń bá nílé olóyin."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù oyin náà ń bà mí, nítorí ibi tó ti ń wá. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, a ti yàrá wọn pa. Kò pẹ́ tí àwọn oyin fi gba ojú fèrèsé wọlé, tí wọ́n tẹ̀dó sínú àpótí aṣọ wọn. Lọ́sàn-án, bí ilé bá dákẹ́, màá gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ohùn tí mò ń gbọ́ dà bíi ti arúgbó tó ń kun orin tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá mi kì í wọlé láìkan ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ kú ilé o. Ọmọ yín ló ń fẹ́ oyin." Ohùn náà á sì rọlẹ̀. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Sátidé kan nígbà òjò, páǹpù oògùn jò sí bàbá mi lẹ́yìn. Ẹni tí oko wọn jọ pààlà ló fi alùpùpù gbé e wálé. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìyá mi gbé ìgò oyin, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Fúnmi, mú abọ́ kan, kí o tẹ̀lé mi."

Ó kan ilẹ̀kùn, ó kí màmá. A ò gbọ́ ohùn kankan. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, òórùn oògùn kòkó ló kọ́kọ́ pàdé wa. Àwọn oyin ti kú sílẹ̀ káàkiri, wọ́n ń rún wómúwómú lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kẹ́ẹ̀gì oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa. Bàbá mi ló gbé e pamọ́ síbẹ̀ láàárọ̀, kí ọwọ́ àwa ọmọdé má baà tó o.

Afárá oyin ṣì kún inú àpótí. Mo na abọ́. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Oyin tí kò gba olóyin là, kí ni yóò ṣe fún bàbá rẹ?"

Ọkọ̀ aládùúgbò la fi sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó wo ìyá mi, ó ní, "Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n má mu oyin yẹn."

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ oyin fún un. Ìyá mi kàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lọ.

Lónìí, mo ti kà á pé oyin ní àwọn èròjà tó ń bá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín gbógun ti májèlé, bí kò tilẹ̀ lè rọ́pò dókítà. Ìyẹn yé mi. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni kò yé mi. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà gbà á gbọ́ wẹ́rẹ́, ó sì lọ ṣeré. Èmi tí mo kàwé ni mi ò tíì rí ibi gbé e sí. Bàbá mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé; mo lè bi í léèrè nígbàkígbà. Mi ò tíì bi í.