Ewé tí àbúrò mi ní kí Màmá máa bomi rin

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ látàárọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin wá kí mi ní Williamsville, ó sì ń bá Màmá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Màmá, ẹ fa àwọn akọ tu. Abo nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kí òdòdó wọn má bàa so kóró."

Mo bi í pé, "Ẹ̀fọ́ wo ló ní akọ àti abo?"

"Ẹ̀gbọ́n, gban ni. Igbó. Màmá rò pé ewé àgbo ni."

Mo wọ takisí wóró-wóró lọ sílé Màmá ní Attécoubé, mo fa gbogbo rẹ̀ tu.

Inú bí Màmá. "Kí ni kí n wá máa já fún ìyá onílé? Wọ́n ní àgbo yẹn ló ń jẹ́ káwọn sùn."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá onílé?