Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dà Nínú Mi Lẹ́yìn Tí Ọkọ̀ Yọ̀ Lórí Yìnyín

Èjìká mi òsì ló kọ́kọ́ dùn mí. Ọ̀sán Sunday ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na ara sórí bẹ́ẹ̀dì nílé wa ní Decatur, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìrora kan gún mi lókè èjìká. Mo dìde jókòó, ó rọlẹ̀. Mo tún dùbúlẹ̀, ó tún dé. Mo fọwọ́ tẹ èjìká náà, mo gbé apá sókè, mo yí i síwá sẹ́yìn, kò sí ibi tí mo tẹ̀ tó dùn mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Èjìká tó bá fara pa, bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á pariwo. Tèmi ń dùn mí láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí. N kì í ṣe dókítà. Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Downtown, ọ̀rọ̀ fáìlì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bó ṣe ń ṣe ara nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú ikùn tí kò hàn síta. Mo sì ti mọ bó ṣe ń ṣe ọkàn nígbà tí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ bá dúró létí bẹ́ẹ̀dì, tó ní òun ò mọ nǹkan kan.

Ní Friday tó ṣáájú, òjò winniwinni bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òtútù ti mú omi dì sójú títì. Ẹ mọ àwa ará Atlanta. Bí wọ́n bá ti dárúkọ snow lásán, búrẹ́dì àti mílíìkì á ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ìlú wa kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì wakọ̀ lórí yìnyín rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Wọ́n tètè tú wa sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo wọ train, mo sọ̀kalẹ̀ ní Decatur, mo sì ti pinnu pé ẹsẹ̀ ni màá fi rìn délé, kí n rọra máa tẹ orí koríko lọ.

Ìgbà náà ni Déjì pè mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Déjì. Mo pọ̀n ọ́n rí ní Ìbàdàn kí n tó wá sí òkè òkun. Ní báyìí, ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé láti ìgbà tó ti kúrò ní Chicago. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ, ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti bí òun ṣe máa ń wakọ̀ nínú snow tó dé orúnkún.

“Aunty, ẹ má rìn o, ẹ máa ṣubú. Mò ń bọ̀ wá gbé yín,” ló wí. “Èyí tó wà níta yìí ò tó nǹkan. Inú snow Chicago ni mo ti kọ́ driving.”

Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí n kò ní gbà á gbọ́?

Nígbà tó dé, ó ti ra búrẹ́dì àti omi kún iwájú ọkọ̀, mo bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, lápá òsì. A lọ dáadáa títí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò jìnnà sílé. Iná ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí sí pupa, Déjì sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Ohun tí wọn kì í ṣe lórí yìnyín nìyẹn. Táyà á dúró, ọkọ̀ ò ní dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì lọ gbá òpó iná. Ìlẹ̀kùn wọlé bá mi ní ìhà òsì. Fún ìgbà díẹ̀ n kò lè mí. Déjì ń pe Jésù níwájú, èmi ń wá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn.

Kò sí ọlọ́pàá tó wá. Ọkọ̀ ń yọ̀ káàkiri ìlú lọ́jọ́ náà, ta ni wọn ìbá wá bá? A fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, a rìn délé. Ìhà ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo rò pé ara tó gbá ìlẹ̀kùn ló ń ro mí, mo sì lo oògùn ara ríro. Ọkọ mi, Bàbá Tómi, kò sí nílé. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ sì ti dá wọn dúró síbẹ̀ torí pé àwọn tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kò lè jáde nílé. Mo fẹ́ pè é, Déjì ní kí n jẹ́ kí òun fúnra òun sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin ló yẹ kó jẹ́wọ́ fún ọkùnrin. Mo yìn ín. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Torí yìnyín náà, orí Zoom la ti ṣe ìsìn Sunday. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí sọ̀rọ̀, Déjì ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ròyìn bí ọkọ̀ ṣe yọ̀, bí áńgẹ́lì ṣe fọwọ́ gbé e kalẹ̀ sórí koríko jẹ́jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ òpó. Ó wá yí fóònù sí mi, ó ní, “Ẹ wo Aunty mi, irun kan ò bọ́ lórí wọn.” Mo juwọ́ sí wọn. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ náà, ìhà mi fà mí, ṣùgbọ́n àmín ti kún ojú fóònù. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni èjìká bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún un. Mo ní Déjì, nǹkan kan ń ṣe mí o, àyà ń já mi.

“Aunty, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí ni,” ló dá mi lóhùn. “Ẹ má fi ẹnu yín ba ẹ̀rí jẹ́.”

Ẹni tó bá ń lọ sí irú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa yóò mọ agbára tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Bí èèyàn bá ti jẹ́rìí tán, tó bá tún ní ara ń dun òun, ó dà bíi pé ó ń pe Ọlọ́run ní onírọ́, tó tún ń ṣílẹ̀kùn fún Èṣù. Mo padà lọ dùbúlẹ̀. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, òógùn sì ń bò mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ọkàn mi ń sáré. Nígbà tí mo dìde láti lọ sílé ìtọ̀, ojú mi ṣú, ògiri ni mo dì mú. Mo rá kòrò padà síbi fóònù, mo pe ọkọ mi. Ohùn mi nìkan ló gbọ́ tó ti ní kí a pe ambulance. Ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, Déjì sì gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ambulance pẹ́ kó tó dé torí ọ̀nà. Nílé ìwòsàn, èrò tó ṣubú lórí yìnyín ti kún yàrá ìdúródè. Ẹni tó dá apá wà níbẹ̀, ẹni tó fọ́ orí wà níbẹ̀. Wọ́n sáré gbé mi kọjá wọn, torí obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí èjìká òsì ń dùn, tí òógùn ń bò, ọkàn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí. Wọ́n lẹ okùn mọ́ mi láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo ṣubú, tàbí bóyá mo wà nínú ìjàǹbá ọkọ̀ láìpẹ́ yìí. Kí n tó la ẹnu, Déjì ti dáhùn. Ó ní rárá. Ó ní inú ilé la wà láti Friday.

Mo rò pé etí mi ló ń parọ́. Mo ń wò ó. Dókítà ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n múra oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ẹ̀jẹ̀ dídì ló máa ń dínà mọ́ ọkàn. Oògùn rere ni fún ẹni tí ọkàn ń ṣe. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn, ikú ni. Èmi ò mọ èyí nígbà náà, Déjì náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkọ̀ gbá òpó. Mo na ọwọ́ sí i kó lè sọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sí mi létí.

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn. Ìwé mi wà níwájú immigration. Tí police bá gbọ́, mo ti gbé.”

Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí àwọn òyìnbó tó yí wa ká má baà gbọ́. Èdè tí mo fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lẹ́yìn mi ló fi ń bẹ̀ mí pé kí n kú jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbọ́ òwe yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jà sí ogún ni mo máa ń rò.

N kò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo di ọwọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì mú, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ọkọ̀ ni, ọkọ̀ gbá òpó, mo sì fi ìhà òsì hàn án. Gbogbo nǹkan yí padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé oògùn náà kúrò. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wo ikùn mi, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ó tó ìkúùkù, òun ni à ń pè ní ọlọ inú. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀, torí náà bí nǹkan bá gbá ìhà èèyàn, ó lè ya. Nígbà mìíràn kì í ya tán lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ gbárajọ sábẹ́ awọ tó bò ó, èèyàn á máa rìn, á máa jẹun, títí awọ náà á fi bẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ikùn á wá máa ta awọ ẹran tó pààlà ikùn àti àyà, iṣan tó ń gbé ìrora ibẹ̀ lọ sínú ọpọlọ sì ń bá ti èjìká rìn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí èjìká fi ń dun ẹni tó jẹ́ pé inú ikùn ló ti fara pa. Bí ọkọ̀ bá gbá yín ní ìhà, tí èjìká òsì wá ń dùn yín bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ má dúró gba àdúrà tán kí ẹ tó lọ. Ẹ gbà á lọ́nà.

Wọ́n gbé mi lọ síbi iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọlọ inú náà, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí mi lára. Ọkọ mi ló wà níwájú mi nígbà tí mo jí. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ohun tí Déjì jẹ́wọ́ fún un ní Friday: pé ọkọ̀ rọra yà sórí koríko, pé èmi ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ọkọ mi ní bí òun bá gbọ́ pé òpó ni, òun ì bá ti ní kí wọ́n gbé mi lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Ó bi Déjì léèrè lójú mi bó ṣe wakọ̀ ní Chicago tí kò mọ bíréèkì yìnyín. Déjì sunkún. Kò wakọ̀ ní Chicago rí. Train ló ń wọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀, nínú oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn. Mo rò pé yóò sunkún fún mi. Ó kí mi kú ewu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n tó dúpẹ́ tán, ó ti ń bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde síta, pé ọmọ mi náà ni Déjì. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo gbé fóònù fún ọkọ mi. Ọgbẹ́ ikùn dùn mí, ṣùgbọ́n oògùn wà fún un. Èyí kò ní oògùn.

Ìwòsàn kì í yá bí a ṣe fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá fẹ́ wúkọ́, ìrọ̀rí ni mo máa ń gbá mọ́ ikùn kí ọgbẹ́ má baà fà. Ọkọ mi ló ń wẹ̀ mí. N kò gbé ohun tó wúwo fún ìgbà pípẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá di ẹrù. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ẹni tí kò ní ọlọ inú kò lágbára tó láti bá àwọn àìsàn kan jà. Wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ibà bá kọ lù mí, ilé ìwòsàn ni kí n gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí n má fi àgbo tàbí oògùn orí fífọ́ kan tàn án. Títí ayé nìyẹn.

Déjì kó lọ sí West End, nínú Atlanta níbí, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde, mo ti dárí jì í. Mo dárí jì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, Déjì sì ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi lọ rí dókítà. A wọ train lọ. Nọ́ọ̀sì tuntun ló wo àpá ikùn mi, tó béèrè ohun tó fà á. Mo yíjú sí Déjì, mo dúró. Ọkàn mi ń lù bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ là mí. Mo fẹ́ kó sọ ọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo, níwájú àjèjì. Ó wò mí, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó fojú wo ilẹ̀.

Mo wá sọ ọ́ fúnra mi. Mo ní ọkọ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó gbá òpó, ẹ̀jẹ̀ dà sí mi nínú, ara mi sì ta mí lólobó kó tó pẹ́ jù. Mo sọ ọ́ jálẹ̀ láìmí gúle. Nígbà tí mo parí, mo fọwọ́ sórí àpá náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ara yìí. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó wakọ̀. Mo ní ọmọ mi ni.