Ta Ni Yóò Tú Músíliù Sílẹ̀?

Mo kàn fìdí lé ìjókòó kan lábẹ́ igi dóńgóyárò ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà bá dákẹ́. Ẹni tó ń lu irin dá òòlù dúró lókè. Ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò yọ orí jáde, ó ń wò mí bí ẹni tó jókòó lé ọmọ tuntun.

"Màmá Lọ́yà," Músíliù, ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀, ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn."

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà ni?"

"Ọ̀gá ló wà níbẹ̀."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá wọn, Alfa Sàláwù, ti kú láti ọdún tó kọjá. Èmi náà wà lára àwọn tó lọ kí ìyàwó rẹ̀. Mo dìde, mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó sí ti gbóná kí n tó débẹ̀, bí ibi tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Abẹ́ ibòòji sì ni.

Lọ́yà ni mí, ṣùgbọ́n n kì í bá àwọn olówó ńlá jà ní kóòtù. Àwọn mẹkáníìkì, àwọn rẹwáyà àti àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ìlọrin ni oníbàárà mi. Èmi ni mò ń sọ fún wọn pé mọ́tò tí oníbàárà pa tì sọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ogún, pé tí ọmọ iṣẹ́ bá fi mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni kọlu ògiri, ọ̀gá ni òfin máa kọ́kọ́ wò lójú. Ọ̀kan nínú wọn gbé mọ́tò oníbàárà lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó bá oníbàárà náà níbẹ̀ tó ń jẹun. Ó bi mí kí ni òfin wí. Mo ní òfin ò wí nǹkankan, kó yáa bá a bu ẹran sí i.

Ọ̀rọ̀ Músíliù yàtọ̀. Nígbà tó wọṣẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ṣe àdéhùn, lójú ìyá rẹ̀ àti ìyàwó Alfa. Alfa ní, "Ọjọ́ tí mo bá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì tí ìwọ nìkan tún ṣe, tí n kò kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ yẹn lo gba fíríìdọ̀ọ̀mù."

Bó ṣe máa ń dán wọn wò nìyẹn. Yóò jókòó sórí ìjókòó náà, èyí tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀sì akérò kan, yóò dijú, wọn yóò sì ṣíná sí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀. Tí ohùn rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò na sípánà, yóò kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: kò, kò. Wọn á pa á, wọn á tún un tú. Tó bá dára, kò ní sọ nǹkankan. Yóò kàn dìde, yóò gbé búútà rẹ̀ lára igi, yóò lọ ṣe àlùwàlá.

Ó kú kí Músíliù tó yege. Búútà náà ṣì wà lórí ìṣó tó fi kọ́ ọ.

"Kí ló dé tí o kò lọ?" mo bi í. "Tí ọ̀gá bá ti kú, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti parí lójú òfin."

"Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún un, Màmá."

Ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò Fate, ṣùgbọ́n àwọn àgbà mẹkáníìkì ibẹ̀ ní àwọn ò gba ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò tú sílẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ náà ní òun ò fọmọ fún ọmọ iṣẹ́.

Músíliù ṣíná sí ọkọ̀ kan tó wà níwájú ìjókòó náà. Létí tèmi, ó ń dún geere. Ojú gbogbo wọn lọ sábẹ́ igi. Kò, kò. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti wá, kò sì sẹ́nì kankan nítòsí rẹ̀. Músíliù pa ẹ́ńjìnnì, ó mú irinṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Mo sún mọ́ ọn. "Ṣé ojoojúmọ́ ni?"

"Àfi ọjọ́ Jímọ̀. Iṣẹ́ tí èmi nìkan bá dá ṣe ni. Tí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ kàn án, kì í dún."

Mo lọ bá Ìyá Mọdínà, ìyàwó Alfa. Mo ṣàlàyé fún un pé òun àti àwọn ọmọ ló jogún irinṣẹ́.

"Ta ló jogún etí rẹ̀?" ó bi mí.

Òfin ò dé ibẹ̀. Mo ní ká kọ àdéhùn tuntun láàárín òun àti Músíliù, kí Ọ̀gá Táyé, mẹkáníìkì àgbà kan ní àdúgbò Challenge, wá tẹ́tí sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó jẹ́ níwájú ìjókòó náà. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Alfa lẹ́nu."

Mọ́tò tèmi tó ń wúkọ́ ni Músíliù dá tú, tó dá tò. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Àsárì nígbà tí a kóra jọ.

"Ọ̀gá Táyé, ẹ jókòó," mo ní.

"Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síbẹ̀ rí, Ìyá Lọ́yà, ẹ bá mi jókòó."

Ó dúró, ó dijú. Músíliù ṣíná. Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá Táyé lajú. "Ó dára," ó ní. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa tẹjú mọ́, à ń retí kò, kò. Kò dún.

Fóòmù ìjókòó náà, tó ti tẹ̀ wọlé láàárín láti ìgbà tí Alfa ti kú, bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹni tó wúwo bá dìde. Ìyá Mọdínà tọ́ka sí igi. Ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, omi ti kán tó, tó, tó, lọ sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

"Pa á, Músíliù," ó ní. "Ó ti lọ." Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ka sí àdéhùn. "Mo tú ọ sílẹ̀. Ọlọ́hun á tẹ̀ lé ọ."

Láti ọjọ́ náà, ìlà kan wà nínú gbogbo àdéhùn tí mò ń bá àwọn mẹkáníìkì kọ: ta ni yóò tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ tí ọ̀gá kò bá sí láyé mọ́? Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí a bá dé ibẹ̀. Músíliù kò rẹ́rìn-ín nígbà tí òun náà fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ ní Fate. Ó ka ìlà náà, ó kọ orúkọ ẹnìkan sí i, ó sì fa ìjókòó wá fún mi. Ìjókòó yẹn ni. Ìyá Mọdínà ló fún un.

Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ná. Ó tutù. Mo bá jókòó.